Orúkọ Tí Àìsàn Ń Jẹ́: Ohun Tí Àtọ̀gbẹ Kọ́ Mi ní Láàbù

Ní láàbù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílùú Ìlọrin, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan wọlé kó ní "diabetes" lòun wá yẹ̀ wò. Àwọn àgbà tó wá láti ìhà Ìgbómìnà á ní àtọ̀gbẹ. Àwọn oníṣòwò Ọjà Ọba àti Ìpáta á ní ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn ọ̀dọ́ kì í fa ọ̀rọ̀ gùn: "Ẹ bá mi yẹ ṣúgà mi wò." Àwọn àáfà tó ti kéwú dénú, Lárúbáwá ni wọ́n fi ń pè é nígbà mìíràn, wọ́n á ní sukkari. Àìsàn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń wí. Ṣùgbọ́n orúkọ tí èèyàn bá gbé wọlé ni mo fi ń mọ ohun tó máa ṣe tí èsì bá jáde, torí ohun tí orúkọ náà bá sọ fún un ló máa ń gbà gbọ́, kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ mi sọ.

Dókítà ni gbogbo wọn ń pè mí. Mo ti wí títí pé èmi kì í ṣe dókítà, pé ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ni mo ń yẹ̀ wò. Àsọdànù ni. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó bá ti wọ kóòtù funfun, tó sì mú abẹ́rẹ́ dání, dókítà ni.

Àlàájà kan tó ń ta léèsì àti aṣọ òkè ló kọ́kọ́ fi orúkọ náà bá mi jà. Obìnrin tó tóbi, tí ara rẹ̀ ń dán. Kò fi nǹkan kan ẹnu láti òru, gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ fún un. Mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èsì jáde: 214. Mílígíráàmù ṣúgà nínú dẹ̀sílítà ẹ̀jẹ̀ kan la fi ń kà á. Ara tó dá ṣáṣá kì í tó 100 láàárọ̀ kéèyàn tó jẹun. Tó bá ti dé 126 tàbí tó lé, tí a sì tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn tí kò yí padà, àìsàn náà ti wọlé nìyẹn. Mo sọ fún un pé kó mú ìwé náà tọ dókítà lọ, pé ó jọ àtọ̀gbẹ. Ó dìde dúró, ó yí ara rẹ̀ po níwájú mi. "Dókítà, ẹ wò mí dáadáa. Ṣé ẹni tó ń gbẹ rèé?"

Àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀. Kí n tó wí méjì, ó ti kó gbogbo ilé sẹ́yìn ara rẹ̀. Ohun tó ń sọ sì bọ́gbọ́n mu. "Gbẹ" wà nínú orúkọ náà, òun ò gbẹ, nítorí náà kì í ṣe òun ló ń ṣe. Ẹ̀rọ mi ló ń purọ́.

Látìgbà náà ni mo ti ń tú inú orúkọ náà wò. Ó tiẹ̀ máa ń yà mí lẹ́nu pé àwa ará Ìlọrin tí a kì í jẹ́ kí àlejò jókòó tán kí a tó là á fún un pé ìlọ irin ni orúkọ ìlú wa, pé òkúta kan ni wọ́n ń lọ irin lórí rẹ̀ nígbà láéláé, kì í bi ara wa léèrè ohun tí orúkọ àìsàn ara wa ń wí.

Èyí tí òyìnbó ń pè é, ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ló ti wá. Aretaeus, oníṣègùn ará Kapadókíà, ní ilẹ̀ tó ti di Tọ́kì lónìí, kọ nípa àìsàn náà láyé àwọn Róòmù. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà, diabainein, ni kí nǹkan gba inú nǹkan kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí orúkọ ohun tí wọ́n fi ń fa omi láti ojú kan sí òmíràn. Ẹni tó bá ti rí awakọ̀ tó fi rọ́bà fa epo bẹntiróòlù jáde nínú táǹkì ti mọ ohun tí Aretaeus rí: omi tí aláìsàn mu kò dúró níbì kankan, ó gba inú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Aretaeus ní ẹran ara àti apá àti ẹsẹ̀ aláìsàn ló ń yọ́ di ìtọ̀. Ó ní òùngbẹ rẹ̀ kò ṣeé pa, ẹ̀mí rẹ̀ kì í sì í gùn.

Mo kà á tán, mo rẹ́rìn-ín. À-tọ̀-gbẹ: ohun téèyàn ń tọ̀ títí táá fi gbẹ. Àwọn baba wa tó sọ ọ́ lórúkọ kò ka ìwé Gíríìkì kankan. Aláìsàn kan náà ni wọ́n jọ rí. Tó bá sì jẹ́ èmi ni wọ́n fi ṣe adájọ́, tiwa kún ju tiwọn lọ, torí Gíríìkì dúró síbi tí omi ti ń kọjá, tiwa lọ títí dé ibi tó ń já sí.

Aláìsàn tí wọ́n jọ rí yìí gan-an ni ìṣòro Àlàájà. Irú àìsàn náà tó máa ń yára fa èèyàn gbẹ, èyí tó sábà máa ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́, ni ojú àwọn àgbà ìgbà náà kò lè fò dá, nítorí òun ló ń pani lójú gbogbo ayé. Irú kìíní là ń pe ìyẹn. Irú kejì ló pọ̀ jù lọ báyìí. Nínú ẹni mẹ́wàá tó bá ní àìsàn yìí lágbàáyé, ó lé ní mẹ́sàn-án tó jẹ́ pé irú kejì ni. Òun sì nìyí, kì í wá gbẹ ẹnikẹ́ni lákọ̀ọ́kọ́. Ẹni tó sanra ló fẹ́ràn jù, ó sì lè bá a gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsọ nǹkan kan. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Àlàájà pé àwọn tó sọ àìsàn náà lórúkọ kò tíì mọ irú tirẹ̀, ó dákẹ́, ó ká ìwé èsì náà sínú pọ́ọ̀sì, ó ní òun á padà wá kí n tún ẹ̀jẹ̀ náà gbà.

Ṣùgbọ́n orúkọ tó kún bẹ́ẹ̀ ní ewu tirẹ̀, torí kì í ṣe ojú kan náà ni gbogbo èèyàn ti ń là á. Káfíńtà kan wá láti Ọ̀fà, ọkùnrin tí kò tíì tó àádọ́ta ọdún. Wọ́n ti sọ fún un níbì kan pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe é, ó sì gbé ìwé náà pa mọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó wá rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí àtọ̀ ọkùnrin bá ti gbẹ, kí ló kù?"

Mo jókòó. Ìtọ̀ lèmi ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Àtọ̀ lòun ń gbọ́, ohun tí ọkùnrin fi ń bímọ. Lẹ́tà rẹ̀ ò yàtọ̀, ohùn orí rẹ̀ ò yàtọ̀, débi tí n óò fi sọ fún un pé ó ṣì í gbọ́. Bí èmi sì ṣe rí i, ọmọ ìyá ni ìtọ̀ àti àtọ̀, inú "tọ̀" kan náà ni wọ́n ti jáde, nítorí náà ọ̀nà tó gbà kì í ṣe ọ̀nà ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Ohun tó bani nínú jẹ́ ni pé owó tí ì bá fi ra oògùn tí dókítà kọ fún un, àgbo ọkùnrin ló ń fi rà. Bẹ́ẹ̀ ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe asán pátápátá. Tí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìsí ìtọ́jú, ó máa ń ba àwọn iṣan tíntìntín àti ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jẹ́, nǹkan ọkùnrin sì wà lára ohun tó máa ń forí fá a. Àìtọ́jú ló ń fa ìyẹn, àìtọ́jú gan-an ló sì wà nídìí rẹ̀ tó ń bọ́. Mo sọ ọ́ fún un láìfi bò. Mo ní kó mú ìyàwó rẹ̀ dání tó bá ń bọ̀.

Àwọn obìnrin náà ní tiwọn. Orúkọ àtọ̀gbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ àtọ̀sí délẹ̀, àtọ̀sí sì ni èyí tí èèyàn ń kó lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyàwó ilé kan gba èsì rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni báwo lòun ṣe máa gbé e dé iwájú ìyá ọkọ òun, tí kò ní dà bíi pé òun rìn ìrìnkurìn. Àtọ̀gbẹ kì í ran ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n orúkọ tó bá ti bá orúkọ burúkú jọ gbé ojúlé kan náà máa ń pín nínú ẹ̀gàn rẹ̀.

Tí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé àwa Yorùbá nìkan lọ̀rọ̀ ìtọ̀ àti àtọ̀ ń dà pọ̀ mọ́ lójú, kó wo ohun tí àwọn Gíríìkì ṣe. Orúkọ tí òyìnbó ń pe àtọ̀sí títí dòní, gonorrhoea, ṣíṣàn àtọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀, látinú gonos àti rhoia. Ọyún ni wọ́n rí, àtọ̀ ni wọ́n pè é. Ọmọ ilé ìwé ìṣègùn ṣì ń kọ àṣìṣe náà sínú ìdánwò, ó sì ń gba máàkì.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí adùn. Àwọn oníṣègùn Íńdíà ìgbàanì ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé ìtọ̀ aláìsàn yìí ń dùn. Madhumeha ni wọ́n ń pè é, ìtọ̀ oyin, wọ́n sì ti ṣàkíyèsí pé èèrà máa ń bò ó. Ní Yúróòpù, ó di ọ̀rúndún kẹtàdínlógún kí Thomas Willis, oníṣègùn ará Oxford, tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtọ̀ náà dùn bí ẹni pé wọ́n po oyin tàbí ṣúgà mọ́ ọn. Báwo ló ṣe mọ̀? Ẹnu ni wọ́n fi ń tọ́ ọ wò láyé ìgbà náà. Mo máa ń rántí èyí tí mo bá ń ráhùn pé owó iṣẹ́ mi kéré. Látinú adùn yìí ni "mellitus" tó ń tẹ̀ lé orúkọ náà ti wá. Oyin ni mel lédè Látìnì.

Ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú wọn ni Matthew Dobson ti Liverpool. Ní 1776, ó tẹ èsì iṣẹ́ rẹ̀ jáde: ó ti se ìtọ̀ aláìsàn títí omi rẹ̀ fi fà tán, ohun tó sì kù nílẹ̀ ń rí bíi ṣúgà, ó ń dùn bíi ṣúgà. Kò dúró níbẹ̀. Ó wo omi ara ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà, ó bá adùn níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìtọ̀ ni gbogbo ayé ń wò títí di ìgbà náà. Òun ló nawọ́ sí ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà fúnra rẹ̀ ti rin ìrìnàjò. Sanskrit àwọn ará Íńdíà ló ti gbéra, śarkarā, tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Páṣíà, tó di sukkar lẹ́nu Lárúbáwá, kó tó wọ Yúróòpù. Ọ̀nà méjì ló gbà dé Ìlọrin: àwọn ará Gàmbàrí gbà á ní súkàrì látòkè Ọya, àwa yòókù gbà á ní ṣúgà lọ́wọ́ òyìnbó.

Bó ti wù kó gbà dé, ẹ̀tàn wà nínú ìtọ̀ ṣúgà tó pọ̀ ju ti àtọ̀gbẹ lọ. Ẹ̀tàn kìíní hàn: àwọn èèyàn á rò pé ṣúgà funfun inú tíì nìkan ni ọ̀tá. Àáfà àgbà kan tó máa ń wá sọ́dọ̀ wa fi tíì rẹ̀ ṣe tíì gbẹrẹfu fún ìgbà pípẹ́, kò fi hóró ṣúgà kan kàn án. Tó bá wá di ìṣínu lóṣù ààwẹ̀, dàbínù, fúrà, lẹ́yìn náà òkìtì tùwó. Sukkari lòun ń sá fún, sukkari ò sí nínú tùwó. Mo bi í pé kí ni ara ń sọ tùwó dà tó bá dé inú, bí kò bá ṣe ṣúgà. Ọ̀mọ̀wé ni, kò jẹ́ kí n ṣàlàyé pẹ́. Ó tiẹ̀ ló sọ fún mi pé Ibn Sina, oníṣègùn àtijọ́, ti kọ nípa àìsàn náà nínú Al-Qānūn, ìwé ìṣègùn rẹ̀, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí ló lọ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí oṣù ààwẹ̀ tó ń bọ̀ tó wọlé, kí wọ́n lè yí àkókò oògùn rẹ̀ padà, nítorí ìyẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń dá ṣe lórí ara rẹ̀.

Ẹ̀tàn kejì ló ń pa èèyàn. Bàbá àgbẹ̀ kan láti ìhà Ìsánlú-Ìsìn ni ọmọ rẹ̀ fi tipátipá mú wá. Bàbá ò rí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n gún òun lábẹ́rẹ́. "Mo ti yẹ ara mi wò, ọmọ mi. Mo tọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́, mo ṣọ́ ọ, mo tún un ṣe, èèrà kan ò yọjú." Ọ̀nà tí bàbá tó bí i fi mọ̀ ọ́n nìyẹn, ọ̀nà tí àwọn ará Íńdíà fi mọ̀ ọ́n nìyẹn. Mo kọ́kọ́ ti ọ̀pá àyẹ̀wò bọ ìtọ̀ rẹ̀. Èèrà rẹ̀ ò purọ́: kò sí ṣúgà níbẹ̀ rárá. Mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. 151, lórí ikùn òfìfo.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Kíndìnrín kì í fẹ́ kí ṣúgà ṣòfò. Èyí tó bá bá omi wọlé sínú rẹ̀, ó máa ń fà á padà sínú ẹ̀jẹ̀, títí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ á fi gòkè dé nǹkan bí 180. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti máa ń pin. Èyí tó bá lé ní ìyẹn ló ń tú sínú ìtọ̀, òun ló ń fa omi dání tí èèyàn fi ń tọ̀ ṣáá, tí òùngbẹ fi ń gbẹ ẹ́, tí èèrà fi ń wá. Láàárín 126 sí 180, àìsàn náà ti jókòó sára, ó ti ń ba ojú jẹ́, ó ti ń ba kíndìnrín àti iṣan ẹsẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìtọ̀ sì mọ́ gaara. Àwọn orúkọ àtijọ́ wọ̀nyí, ti Gíríìkì, ti Íńdíà, ti Oxford, tiwa, ìtọ̀ ni gbogbo wọn ń wò, torí ìtọ̀ lohun tí ojú àti ẹnu lè dé. Ìdajì ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé àìsàn náà. Ẹni tó bá ń dúró de àmì tó wà nínú orúkọ, ó ń dúró de ìgbà tó ti pẹ́.

Irú kìíní, tó fún wa ní "gbẹ", ṣì wà o. Ọmọbìnrin kékeré kan ni wọ́n gbé wá bá wa, awọ ara lásán, tó ń mu omi bí ẹni pé inú rẹ̀ ń jó. Wọ́n ti gbé e káàkiri ilé àdúrà kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé ó ní ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí dókítà kọ insulin, abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, fún un, ìyá rẹ̀ bi mí pé kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Erékùṣù ni mo sọ fún un, insula lédè Látìnì. Paul Langerhans, ọmọ ilé ìwé ìṣègùn ní Jámánì, rí àwọn erékùṣù kéékèèké ní 1869 nínú ẹran kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, tí wọ́n ń pè ní pancreas. Àwọn onímọ̀ ti sọ omi tó ń jáde níbẹ̀ lórúkọ, wọn ò tíì rí i sójú. Ó di 1921, ní Toronto ní Kánádà, kí Banting àti Best tó fà á jáde. Ní oṣù kìíní 1922, wọ́n gún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan, Leonard Thompson. Ṣáájú ìyẹn, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í yè. Ìyá ọmọ náà fetí sílẹ̀ dáadáa, ó wá béèrè èyí tó ṣe pàtàkì sí i jù: ibo lòun á máa tọ́jú rẹ̀ sí tí kò bá sí iná.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní láàbù máa ń sọ pé àwọn tí kò kàwé ni orúkọ ń ṣì lọ́nà. Mo fi diabetes insipidus dá a lóhùn. Àìsàn ọ̀tọ̀ ni, kò bá ṣúgà tan. Ìtọ̀ aláìsàn rẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n kò ládùn, ohun tí insipidus ń wí nìyẹn. Omi ara kan tí ọpọlọ ń pèsè ló dín kù, tàbí tí kíndìnrín ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Nílùú òyìnbó níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó kàwé yanjú gbọ́ "diabetes", wọ́n sáré lọ wọn ṣúgà, wọn ò fún aláìsàn ní oògùn tó ń gbé e ró. Àwọn kan ti bá a lọ. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi dábàá ní 2022 pé kí wọ́n yí orúkọ náà padà, kó máa jẹ́ àìtó vasopressin, ìyẹn omi ara náà, tàbí àìgbọ́ràn sí i, bó bá ṣe mú oníkálukú.

Ẹlẹgbẹ́ mi ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí àwa náà wá sọ àtọ̀gbẹ nù. Mi ò gbà. Orúkọ tí àgbà Ìgbómìnà gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ ni mo fi ń rí ọ̀nà wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Tí mo bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo fún un ní tuntun, á ní àìsàn mìíràn ni. Ohun tí mo ń ṣe ni pé kí n tó fi èsì léni lọ́wọ́, mo máa ń bi í pé, "Kí lẹ gbọ́ pé ó ń jẹ́?" Ibi tó bá là á sí ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìwé, mo máa ń kọ "ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀", kí ojú lè kúrò lára ìtọ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ "ìtọ̀ ṣúgà" sórí tirẹ̀, ó ní òun ni wọ́n mọ̀ lọ́jà. A ò tíì gbà fún ara wa.